Àárín Àmì Méjì: Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Ní Máàpù Yíyà

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn kò mọ ìlà fà. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì wẹ́wẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ bá ń na irin. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ya máàpù ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1960. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, àmì kékeré kan ni wọ́n á tẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó dúdú bí kóró isin, wọ́n á tẹ O, wọ́n á tẹ X lé e lórí, wọ́n á tún tẹ A àti V mọ́ ọn títí ojú pépà yóò fi ṣú. Ẹni tó bá sún mọ́ pépà náà, lẹ́tà jágbajàgba ni yóò rí. Àfi kó rìn sẹ́yìn díẹ̀ kó tó rí i pé ìlú kan ló wà níwájú òun, pẹ̀lú ibi tí èrò pọ̀ sí àti ibi tó dá.

Ayàwòrán-ilé ni Howard Fisher tó gbé iṣẹ́ yìí dé Harvard, kì í ṣe onímọ̀ jọ́gíráfì. Ní 1963, ní Yunifásítì Northwestern lẹ́bàá Chicago, ó rí bí Edgar Horwood láti Yunifásítì Washington ṣe ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ya máàpù. Ohun tó rí wù ú, àmọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ronú ohun tí ètò kọ̀ǹpútà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa ṣe. Betty Benson, tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà, ló bá a kọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní SYMAP. Nígbà tó di 1965, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, Fisher dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣètò ilé àti ìlú ní Harvard.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lo SYMAP kò lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kó máa tẹ̀ ẹ́ bíi tòní. Káàdì oníhò ni yóò kó jọ ní ìdì-ìdì. Ìdì kan á sọ ààlà ibi tó fẹ́ yà, igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi rúlà wọ̀n. Òmíràn á sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà, ìbáà ṣe ilé ẹ̀kọ́, kànga tàbí ibi tí wọ́n ti ń wọn òjò. Òmíràn á sọ iye tó wà ní ojú àmì náà. Ìdì ìkẹyìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ irú máàpù tó ń fẹ́. Yóò gbé gbogbo rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, yóò sì máa retí èsì. Bí ihò kan bá ṣì, ohun tó máa jáde lè má ní ìtumọ̀ kankan. Ìyà ni, kò sí àní-àní. Àmọ́ ìyà yẹn ní àǹfààní kan tí sọ́fítíwíà òde òní ti gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kò sí bí èèyàn ṣe lè débi máàpù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ dáhùn níbo, kí ni, àti mélòó.

Ìṣòro tó le jù ni àárín àmì méjì. Ká ní wọ́n ń wọn òjò ní Ifẹ̀, ní Iléṣà àti ní Òṣogbo. Ibi mẹ́ta yẹn nìkan ni a mọ iye òjò wọn. Ẹdúnàbọ̀n, tó wà nítòsí Ifẹ̀, ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbé òṣùwọ̀n síbẹ̀, ṣùgbọ́n máàpù kò lè ní ihò lójú. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan sí i. Kí ló máa tẹ̀?

Ìdáhùn tí SYMAP àkọ́kọ́ ń fún ìbéèrè yìí kò dán mọ́rán. Ẹni tó tún un ṣe kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Donald Shepard ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ ní Harvard. Ìlànà tó gbé kalẹ̀ kò ṣòroó lóye. Gbogbo ibi tí a ti wọn òjò ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa Ẹdúnàbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn aládùúgbò gbọ́dọ̀ ròkè ju ti ará ọ̀nà jíjìn lọ. Ibi tó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà ju ibòmíràn lọ, ohùn rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, á di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nítorí náà Ifẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ jù nípa Ẹdúnàbọ̀n, àwọn yòókù á sì fi ohùn wẹ́wẹ́ tì í lẹ́yìn.

Kò dúró síbẹ̀. Ó rí i pé bí àmì méjì bá tò tẹ̀ lé ara wọn ní apá kan náà, ti iwájú ti bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kò yẹ kí àwọn méjèèjì máa pariwo bákan náà. Ó tún ronú kan ìdènà: bí òkè tàbí omi ńlá bá wà láàárín ibi méjì, ìṣirò gbọ́dọ̀ yí i ká, kò gbọ́dọ̀ la ojú òkè kọjá bí ẹyẹ. Ní 1968 ó ka iṣẹ́ náà fún àpérò àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Títí di òní, bóyá ni sọ́fítíwíà máàpù kankan wà tí ìṣirò yìí kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká wò níbẹ̀ ni bí ìbéèrè rẹ̀ ṣe kéré tó. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ìbá kọ ọ́ sórí ìwé pé òun fẹ́ ṣe ìwádìí lórí lílo kọ̀ǹpútà fún ìdàgbàsókè ìlú. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ̀rọ tẹ̀ sí ibi tí a kò mọ̀ nìkan ni Shepard ń wá.

Ní apá kejì Amẹ́ríkà, ní Yunifásítì Washington, ọ̀jọ̀gbọ́n William Garrison ti kó àwọn ọ̀dọ́ kan jọ ní àwọn ọdún 1950, tí wọ́n gbà pé jọ́gíráfì gbọ́dọ̀ kúrò ní ìtàn ìlú àti odò nìkan, kó di ìmọ̀ oníṣirò. Méjì nínú wọn ni Waldo Tobler àti William Bunge. Tobler kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tó kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1959, tó fi béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ya máàpù, tó sì fi hàn pé ó lè ṣe é. Bunge ní tirẹ̀ kọ ìwé kan, *Theoretical Geography*, tó jáde ní 1962, tó kún fún ìṣirò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n bá lọ sóko. Àmọ́ kò pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀nà wọn fi yà, ìlú Detroit ni a sì ti rí i pé ó yà.

Tobler di olùkọ́ ní Yunifásítì Michigan, tí kò jìnnà sí Detroit. Ní 1970 ó tẹ àlàyé jáde nípa fíìmù kan tó fi kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń fi bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i ní agbègbè Detroit hàn. Inú àpilẹ̀kọ yẹn ló ti sọ gbólóhùn tí wọ́n wá ń pè ní òfin àkọ́kọ́ jọ́gíráfì, pé kò sí nǹkan tí kò kan nǹkan mìíràn, àmọ́ àwọn tó sún mọ́ra ló kan ara wọn jù. Shepard ti fi ìṣirò sọ ohun tó fara jọ ọ́ ní ọdún méjì ṣáájú. Àpárá ni Tobler fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sọ tirẹ̀, nígbà tó ń wá àwáwí fún bó ṣe dín ìṣirò rẹ̀ kù.

Bunge ní tirẹ̀ ń gbé láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Detroit. Iṣẹ́ olùkọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan níbẹ̀. Òun àti ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Gwendolyn Warren, tí kò ju bí ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1968, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní jọ́gíráfì yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣèwádìí nípa àdúgbò ara wọn. Wọ́n ya máàpù ibi tí eku ti ń gé àwọn ọmọ ọwọ́ jẹ. Èyí tí orúkọ rẹ̀ rìn jìnnà jù wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1971: ojú títì tí àwọn tó ń wakọ̀ ti ìgbèríko olówó wá síṣẹ́ láàárín ìlú ti ń pa àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Títì kan, àmì dúdú wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ kan fún àmì kan.

Kò sí kọ̀ǹpútà nínú máàpù yẹn. Ohun tó gba àkókò wọn ni rírí ìsọfúnni gbà. Warren ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àkọsílẹ̀ àwọn ọlọ́pàá kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn olóṣèlú kọjá. Fíìmù Tobler sọ bí Detroit ṣe ń gbilẹ̀. Máàpù Warren àti Bunge sọ ẹni tí gbígbilẹ̀ náà ń gun mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá àkọlé ìwádìí, tí kò mọ èyí tó kàn láàárín ọgbọ́n ìṣirò àti ẹsẹ̀ rírìn, kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹsẹ̀ rírìn náà ní ìtàn tirẹ̀. Bóyá ni olùkọ́ kan ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí tí kì í bẹ̀rẹ̀ látorí John Snow, dókítà tó ya máàpù ikú onígbáméjì ní Soho ní ìlú London ní 1854. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, àfi bíi pé Snow wo máàpù, ó rí ẹ̀rọ omi Broad Street láàárín òkú, ó sì ní kí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Snow tó ya máàpù rẹ̀ parí. Ohun tó kọ́kọ́ ní lọ́wọ́ ni orúkọ òkú, àdírẹ́sì, àti ìbéèrè tó ń bi àwọn mọ̀lẹ́bí: omi ibo lẹ ń mu? Àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, kò gbà á gbọ́ rárá. Ó bọ́ sójú pópó láti fi hàn pé irọ́ ni, ó ń kanlẹ̀kùn lójúlé-lójúlé, nígbà tó sì máa parí, òun gan-an ló rí ọmọ ọwọ́ tó ṣàìsàn ní nọ́ńbà 40 Broad Street, tí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀ dà sínú kòtò tó wà lẹ́bàá kànga náà. Nígbà tí Snow tún máàpù rẹ̀ yà, ó fa ìlà kan yí ibi tí ẹsẹ̀ ti yá dé ẹ̀rọ omi náà ju òmíràn lọ ká. Ọ̀nà tí èèyàn ń rìn ló fi wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rùn-ún ọdún lé mẹ́wàá kí wọ́n tó gbé SYMAP dé Harvard nìyẹn.

Bí a bá wá béèrè ibi tí orúkọ GIS, tí gbogbo ayé ń pe iṣẹ́ yìí lónìí, ti wá, Kánádà ni yóò gbé wa lọ, àmọ́ yóò gba Kẹ́ńyà kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Roger Tomlinson ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ottawa tó ń fi bàálù ya fọ́tò ilẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún un, kó wá ibi tí wọ́n lè gbin igbó sí ní Kẹ́ńyà. Ó ní láti to máàpù òjò lé máàpù ilẹ̀, kó to ti ọ̀nà lé wọn, kó wá wo ibi tí gbogbo wọn ti bára mu. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ ṣe é, owó tó máa gbà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ san lọ. Iṣẹ́ náà dúró, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1962 ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lee Pratt nínú bàálù. Pratt sì ń ronú bí ìjọba Kánádà ṣe máa mọ ohun tí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wúlò fún. Inú ìjókòó yẹn ni ètò ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ IBM sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ní 1968 Tomlinson tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde, níbi tó ti lo orúkọ náà. Ó pẹ́ kó tó padà sílé ẹ̀kọ́. 1974 ló gba oyè ọ̀mọ̀wé ní University College London.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó gba Harvard kọjá nígbà ayé SYMAP ni Jack Dangermond. Lẹ́yìn tó ṣe tán níbẹ̀ ní 1969, òun àti ìyàwó rẹ̀, Laura, dá ilé iṣẹ́ Esri sílẹ̀ ní Redlands ní California. Láti ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń sanwó fún ti jáde. Ìtàn olówó nìyẹn, ẹlòmíràn ti sọ ọ́ dáadáa.

Nílé wa níbí, ọdún 1972 ni ká máa rántí. Ní oṣù Keje ọdún náà ni Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́ sójú òfuurufú. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ àjọ ètò ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ti ń fi fọ́tò ojú òfuurufú wọn ilẹ̀. RECTAS ni wọ́n ń pè é fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di AFRIGIST. Inú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ló wà. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Benin, Nìjẹ̀r, Màlì àti Gánà ń wá síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn. Wọ́n á tẹjú mọ́ fọ́tò méjì ibì kan náà nínú awò olójú méjì, títí òkè á fi dìde sókè níwájú wọn.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti fi hàn ṣáájú ìgbà yẹn pé ìlú Yorùbá kì í ṣe ohun ìyanu tó ṣì ọ̀nà wá sínú ìwé jọ́gíráfì. Ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlú Nàìjíríà, *Urbanization in Nigeria*, jáde ní 1968, ọdún kan náà tí Shepard ka iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1980 òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ mọ pépà atọ́kà-hàn, yíǹkì àti abẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń ha àṣìṣe kúrò. Kọ̀ǹpútà kò wọ́pọ̀. Fọ́tò sátẹ́láìtì sì wọ́n bí ojú. Ní àwọn ọdún 1980, fọ́tò Landsat ẹyọ kan lè ju 4,000 dọ́là lọ. Ọdún 2008 ni wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀fẹ́, tó fi jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ọkọ̀ dé Èkó lè wo bí igbó Òṣun ṣe rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀fẹ́ yìí náà ló wá sọ àwọn ìdẹkùn àtijọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn lè kó sí. Ọ̀kan wà ní Minna. Àmì kan tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba amúnisìn ri mọ́lẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n pè ní L40, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n gbogbo Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ máàpù ìjọba sì dúró lórí rẹ̀. GPS inú fóònù kò mọ Minna rí. Ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni WGS84, tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da àmì fóònù rẹ̀ sórí máàpù àtijọ́ láìyí ọ̀kan padà sí èkejì, gbogbo ohun tó wọ̀n á yẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Kànga àdúgbò á bọ́ sẹ́yìn odò, ilé ìwòsàn á bọ́ sáàárín ọjà. Kọ̀ǹpútà kò ní kìlọ̀ fún un. Á ya á síbẹ̀ rekete.

Ìdẹkùn kejì dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1934, Gehlke àti Biehl ṣàyẹ̀wò ìlú Cleveland, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ṣe ń da àdúgbò kéékèèké pọ̀ di ńlá, bẹ́ẹ̀ ni ìbátan tó wà láàárín ìwà ọ̀daràn àwọn ọ̀dọ́ àti owó ilé ń yí padà. Ní 1979, Stan Openshaw àti Peter Taylor mú àwọn káńtì 99 tó wà ní ìpínlẹ̀ Iowa, wọ́n ń pín wọn, wọ́n ń tún wọn pín. Pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, wọ́n rí èsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lòdì síra pátápátá, wọ́n sì tún rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu pátápátá. Ààlà nìkan ni wọ́n ń sún. Ìbàdàn ní ìjọba ìbílẹ̀ 11. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi wọ́n ya máàpù ibà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹni tó fa ààlà wọn kò ro ti ẹ̀fọn.

Ohun tó kù kí gbogbo rẹ̀ tó dọ́wọ́ ará ìlú ni máàpù fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sì tún bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ní 2004, Steve Coast wà ní University College London, ibi tí Tomlinson ti gba oyè ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ní Bìrìtéènì ìgbà yẹn, máàpù tí ìjọba fi owó ará ìlú yà, ará ìlú tún ń sanwó kó tó lò ó. Coast ní kí gbogbo èèyàn máa gbé GPS rìn, kí wọ́n ya tiwọn, bí àwọn tó ń kọ Wikipedia ti ń ṣe. OpenStreetMap nìyẹn. Ọdún méjì ṣáájú ni Gary Sherman ti bẹ̀rẹ̀ QGIS ní Alaska, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa báyìí.

Donald Shepard kò dúró sídìí máàpù. Ètò ọrọ̀-ajé ìlera ló yà sí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣí QGIS ní Ifẹ̀ lónìí, tó kó iye òjò ìlú mẹ́ta sínú rẹ̀, tó ní kó bá òun ṣírò àárín wọn, yóò bá àpótí kékeré kan níwájú rẹ̀ tí nọ́ńbà 2 ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé. Shepard ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn án. Bó bá sọ ọ́ di 3, òjò Ẹdúnàbọ̀n á túbọ̀ dà bíi ti Ifẹ̀; bó bá sọ ọ́ di 1, Òṣogbo àti Iléṣà á gbóhùn sókè sí i.